Ohùn Tí Bàbá Mi Gbọ́ Lára Ọkọ̀ Tuntun

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Wilhelmina,
                                        Troyeville,
                                        Johannesburg.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Fọláyẹmí, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Òṣogbo? Akíntúndé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á ti ga ju tábìlì lọ báyìí. Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé eékún wọn ṣì ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ kú òjò o. Ní tiwa níbí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti rí òjò kẹ́yìn. Òtútù ń wọlé díẹ̀díẹ̀, koríko ti pupa rúsúrúsú, àárọ̀ sì máa ń rí bíi pé ẹnìkan da wàrà sínú afẹ́fẹ́. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méje tuntun yẹn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe látòkè délẹ̀, àti pé ẹni tí yóò bá yín kó o wọlé ti gbé ìwé wá kí ẹ fọwọ́ sí i. O ní kí n sọ ojú tí mo fi rí ọkọ̀ náà, nítorí o gbọ́ pé a ti gbé e rìn. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù kí n dá ọ lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ. Mo ní kí n jókòó, kí n kọ ọ́ bí a ṣe máa ń kọ lẹ́tà síra wa nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́. Jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan títí wàá fi kà á tán.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. O rántí wọn, àbí? Bàbá Ògúnjìmí, tí wọ́n fi ọdún mọ́kàndínlógójì wa agbégilódò, tí wọ́n ń kó gẹdú láti inú igbó Oǹdó lọ sí Èkó. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo lọ mú wọn wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà nítorí ojú wọn tó ń ṣú. Àwọn dókítà ibí sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ ojú ọ̀tún ti kú, tòsì kò sì rí ju òjìji lọ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀, wọ́n á máa gbọ́ ohun tó ń lọ ní títì. Wọ́n mọ táksí tó ń gba iwájú ilé wa lọ sí Bertrams láàárọ̀ nípa bí ó ṣe ń wúkọ́. Nígbà mìíràn, tí mo bá gbé tíì wá, wọ́n á ní, “Ìbí, aládùúgbò yín ò tíì pààrọ̀ bíréékì ẹ̀yìn yẹn o.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. N kò lọ bi aládùúgbò náà rí.

Ọkọ̀ wa àtijọ́, èyí tí mo fi pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí o wá kí wa, jíà rẹ̀ kú nínú oṣù Kejì. Níwájú iná ojú pópó ló kú sí, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tù níbí. Iná di pupa, a dúró. Iná di àwọ̀ ewé, gbogbo ayé lọ, a ò lọ. Olúwaṣeun ọkọ mi kò tilẹ̀ bínú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ẹnjiníà ni, ẹni tó gba ìwé gbọ́ ju ẹnu lọ ni, ó sì ti ń ka ìròyìn ọkọ̀ tuntun yìí láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Ó máa ń fi àwòrán rẹ̀ hàn mí bí ìgbà tí ọ̀dọ́kùnrin bá ń fi àwòrán ìyàwó àfẹ́sọ́nà hàn ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ìtajà ọkọ̀ náà, Thandeka lorúkọ rẹ̀, ara Soweto, ọmọlúwàbí ni. Nígbà tó gbọ́ pé a ní ọmọ méjì àti bàbá arúgbó, ó ní òun kò fẹ́ kí a kàn gbé ọkọ̀ yí àdúgbò po kí a sì pinnu. Ó ní òun yóò yá wa ní ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì, ká dá a padà ní Sọ́ńdè, ká gbé e dé ibi tó bá wù wá.

Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá ló gbé e wá síwájú ilé wa. Fọláyẹmí, ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní purọ́ fún ọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run kí oòrùn tó yọ: kì í ṣe búlúù, kì í ṣe eérú. Ara rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí àwọn igi ojú títì wa nínú rẹ̀ bí ẹni ń wo odò. Tí o bá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, kò sídìí láti fà á. Fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí onílé tó gbọ́ pé àlejò dé. Bátírì àti ẹ́ńjìnnì ló jọ ń pín iṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Nítorí náà, tó bá kọ́kọ́ gbéra, o ò ní gbọ́ ohunkóhun, wàá kàn rí i pé ilé ti ń lọ sẹ́yìn.

Bàbá ní ká mú àwọn jáde wá wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ lé e níwájú, wọ́n sì ń rìn yí i ká bí ẹni tó ń yẹ màlúù wò kó tó rà á. Wọ́n tẹ táyà, wọ́n kan ara rẹ̀ níbí, wọ́n kàn án lọ́hùn-ún, wọ́n ki orí bọ inú rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Thandeka ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a sì tì wọ́n. Wọ́n ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀mẹfà.

“Ìlẹ̀kùn ọwọ́ òsì yìí ò sùn dáadáa,” Bàbá wí. “Èyí tó wà lọ́tùn-ún ń sọ pé ‘pọ̀’, ó tán. Eléyìí ń sọ pé ‘pọ̀-kẹ́’. Ìró méjì ló ní.”

Ṣeun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlẹ̀kùn náà, kò rí nǹkan kan. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú awakọ̀, tó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ. Àwòrán ọkọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

“Bàbá, ẹ̀rọ ní ó ti dé. Tí kò bá dé, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra.”

“Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dára.”

Thandeka ní rọ́bà tuntun ló máa ń dún bẹ́ẹ̀, pé yóò rọ̀ tó bá yá. Èmi ńkọ́? Ìwọ nìkan ni mo lè sọ èyí fún. Mo rò pé ogbó ni. Mo rò pé ẹni tí kò ríran mọ́ ń wá ohun tí yóò fi hàn wá pé òun ṣì wúlò. Ọmọ bíbí inú wọn ni mí, ohun tí mo rò nìyẹn.

A gbéra kí oòrùn tó gbóná. Òkè Golden Gate là ń lọ, lápá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Clarens, níbi tí a ti gba ilé kan sínú oko ìyá àgbà òyìnbó kan fún ọjọ́ méjì. Tẹjúmádé, tó ti pé ọdún mẹ́tàlá, lọ dùbúlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti ẹtu, síbẹ̀ ó rí ibi nà án sí. Olúwapẹ̀lúmi, ọmọ ọdún márùn-ún, wà nínú àga ọmọdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn òsì, Bàbá sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn Heidelberg, ìlú tán, pápá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kì í sáré lórí ilẹ̀, Fọláyẹmí, ńṣe ló ń léfòó. A gba orí afárá odò Vaal kọjá, n kò mọ̀ pé afárá ni títí mo fi rí omi. Mo máa ń sùn díẹ̀, mo máa ń jí díẹ̀, ìgbà tí mo bá sì jí, pápá kan náà ni, ìkùukùu kan náà ni, bíi pé àwa la dúró tí ayé ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Pẹ̀lúmi, kí lo rí?” ni Bàbá ń bi ọmọ.

“Grass, Grandpa. Just grass.” Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń dá wọn lóhùn, bí a ṣe bá a wí tó.

“Mo mọ̀ pé gíráàsì ni. Àwọ̀ wo ló ní?”

Ọmọ náà ronú títí. Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá sọ ọ́: “Bíi búrẹ́dì.”

Ìdáhùn yẹn mú Bàbá rẹ́rìn-ín sínú. Ó dà bíi pé ó tó wọn láti rí gbogbo pápá náà.

Nígbà tí a súnmọ́ Warden, wọ́n ní, “Ṣeun, ìlẹ̀kùn yẹn tún sọ̀rọ̀ o.”

Ṣeun fi ìka kan ojú ẹ̀rọ. “Àwọ̀ ewé ni, sà.”

A dúró ní Harrismith láti mu tíì. Kí a tó tún wọlé, Bàbá ní kí n mú ọwọ́ àwọn dé etí ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n fi ìka wá inú rẹ̀ kiri. “Orí ìkọ́ yìí lásán ló ń mú,” wọ́n wí. “Ó dà bí ẹni tó fi ìka kan ṣoṣo dì mọ́ ẹ̀ka igi.”

Ó ti rẹ Ṣeun. “Bàbá, agbégilódò kọ́ lèyí o.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àmọ́ ó sọ ọ́. Tẹjúmádé yọ ohun ìgbọ́rin tó kì bọ etí. Mo wo ojú Bàbá, mo rò pé n óò rí ìbínú níbẹ̀, n kò rí i. Wọ́n kàn mi orí. “Òótọ́ ni,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé ọmọ bọ́ sí ibi tèmi. Èmi ni n óò jókòó nídìí ìlẹ̀kùn.”

Àga ọmọdé yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tú ní ìṣẹ́jú kan. Ṣeun ní ilẹ̀ ń lọ, ìkùukùu ń bọ̀ lórí òkè, ká jẹ́ ká máa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Dádì Tẹjú, ẹ jẹ́ ká ṣe é.” Ó wò mí, ó rí i pé n kò ní wọlé bí kò bá ṣe é, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì.

Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán la wọ àárín àwọn òkè náà. Ìkùukùu ti bò wọ́n. Àwọn àpáta ńláńlá aláwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ yẹn á yọ jáde díẹ̀, wọ́n á tún wọlé padà, bí àgbàlagbà tó yọjú lójú fèrèsé láti wo ẹni tó ń kọjá. Apá òsì la ń gbà níbí, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ló kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣeun rọra ń lọ. Mo rántí pé mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ikú bá rí báyìí, kò burú jù. Ọlọ́run má jẹ́ ká ro ohun tí kò yẹ.

Ọ̀nà yí sọ́tùn-ún, ìlẹ̀kùn ọwọ́ òsì sì ṣí.

Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó yọ́ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ó ti ṣe níwájú ilé wa, gbogbo òtútù òkè sì wọlé tọ̀ wá. Fìlà Bàbá fò lọ. Aṣọ ìbora Pẹ̀lúmi tẹ̀lé e. Mo yí ọrùn padà, mo rí bàbá mi tí ìkùukùu ń gba iwájú wọn kọjá, bẹ́líìtì dì wọ́n mọ́ àga, ọwọ́ kan di ìdìmú òkè orí mú, ọwọ́ kejì nà gbọọrọ sí àyà ọmọ mi bí ọ̀pá ìdábùú ẹnu ọ̀nà.

“Ṣeun,” wọ́n pè é bí ẹni ń pe èèyàn wá jẹun. “Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Má tẹ bíréékì lójijì. Má yí ọwọ́. Fi ẹsẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ó dára. Ó ń gbọ́ tìrẹ.”

Ọkọ̀ sì gbọ́ lóòótọ́. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni fi ọwọ́ gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rọ níwájú Ṣeun ṣì ní àwọ̀ ewé. Ìgbà tí a dúró tán ló tó di pupa, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí adìyẹ tí àwòdì ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ tán.

“Ìkùukùu wọlé!” ni Pẹ̀lúmi ń wí, inú rẹ̀ dùn. “Mummy, ìkùukùu wọlé wá!”

Ṣeun bọ́ sílẹ̀. Ó lọ síbi ìlẹ̀kùn tó ṣí yẹn, ó wo ẹsẹ̀ Bàbá, ó wo ilẹ̀, ó wo ibi tí ilẹ̀ pin sí. Kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, funfun lásán ni. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko tútù yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí.”

“Ta ló wà nílẹ̀ yẹn?” Bàbá na ọwọ́ jáde, wọ́n ń wá orí rẹ̀. “Dìde, aṣọ rẹ á tutù. O ò ṣẹ̀ mí. Ìwé lo gbà gbọ́. Ẹni tó kọ ìwé ló yẹ kó tẹ́tí.”

Èmi náà sọ̀kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún, n kò lè sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Bàbá fi ọwọ́ kan ojú mi. Mo rò pé wọ́n mọ̀.

A pa ẹ̀rọ tó ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ṣeun fi ọwọ́ tì í, mo tú ìró tó wà nídìí mi, a fi so ìlẹ̀kùn mọ́ ìdìmú inú ọkọ̀, kókó mẹ́rin. Gbogbo wa fún ara wa mọ́ apá ọ̀tún, Ṣeun sì wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin sórí títí a fi dé oko ìyá òyìnbó náà.

Nígbà tí a pe Thandeka, ó sunkún lórí fóònù. Ní Sátidé, ó rán mẹkáníìkì kan sí wa láti Harrismith, Teboho. Teboho so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan. Ó tún un so, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàbá bá ní kó mú ọwọ́ wá. Wọ́n fa ìka rẹ̀ wọ inú etí ìlẹ̀kùn náà, wọ́n gbé e ka orí ìkọ́, wọ́n ní kí n túmọ̀ fún un pé kó má wo nǹkan kan, kó kàn ti ìlẹ̀kùn, kó gbọ́.

Teboho di ojú. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó tún un tì.

“Eish, Ntate,” ó wí, ìyẹn ni pé Bàbá. “Ẹ̀yin ló yẹ ká máa gbé kiri, kì í ṣe kọ̀ǹpútà yìí.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Ṣeun. Ibi tí ìkọ́ ti ń mú, wọ́n dè é díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó yẹ, kò ju ìbú èékánná lọ. Ohun tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìlẹ̀kùn ti dé, kì í wo ìkọ́ rárá. Ibi tí ìlẹ̀kùn rìn dé ló ń wò, ìgbà tí ọkọ̀ bá sì dúró nìkan ló ń wò ó. Ìlẹ̀kùn ti délé, ẹ̀rọ sì rò pé ó ti tilẹ̀kùn sùn. Teboho ní a kò gbọ́dọ̀ gbé e sójú títì mọ́, pé ọkọ̀ agbọ́kọ̀ yóò wá gbé e ní Sọ́ńdè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà: gbogbo èyí tó bá wọn jáde nínú ìpín àkọ́kọ́, kí wọ́n kó o padà wá fún àtúnṣe, kí wọ́n má sì ta èyíkéyìí títí wọn yóò fi tún un ṣe. N kò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà síhìn-ín. O mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, kí ni mo wá rí sí ọkọ̀ náà? Ohun tí o béèrè nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rẹlẹ̀, eékún Màmá kò ní kígbe láti wọ̀ ọ́. Àwọn ìbejì lè jà lẹ́yìn kí ọwọ́ wọn má dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Epo rẹ̀ kì í tètè lọ. A lọ ọ̀nà jíjìn yẹn, ọwọ́ tó ń ka epo kò tíì dé ìdajì. Bíréékì rẹ̀, mo lè búra lé e. Àmọ́ tí o bá fẹ́ dín ooru kù, àfi kí o ṣí ojú ìwé mẹ́ta lórí ẹ̀rọ yẹn bí ẹni ń wá orin ìsìn, kí o sì máa fi ọwọ́ kan wakọ̀. Èyí kò dára, èmi kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi yọ bọ́tìnì tí gbogbo ayé ti mọ̀ lò kúrò. Ní ti pé ṣé èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé e, ohun tí Ṣeun fúnra rẹ̀ wá ń sọ báyìí ni pé, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yí nǹkan padà, àwọn tó kọ́kọ́ rà á ló ń bá wọn parí iṣẹ́. Ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni yẹn fi ìwé hàn yín pé wọ́n ti tún ìlẹ̀kùn ṣe. Lẹ́yìn náà, kí Akíntúndé gbé ọkọ̀ lọ síbi tó dákẹ́, kó ti ìlẹ̀kùn, kó di ojú, kó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ìró méjì, ẹ dá a padà, ohun yòówù kí àwòrán máa sọ. Àwa náà ń dúró de èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Títí dìgbà náà, táksí la ń wọ̀, ẹsẹ̀ la sì fi ń lọ ra ẹ̀fọ́ ní Yeoville.

Ó ku nǹkan kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, nígbà tí à ń retí ọkọ̀ agbọ́kọ̀, mo wà ní ìdí sítóòfù, mo ń se omi tíì. Mo pe Bàbá, n kò gbọ́ ohùn wọn. Mo pe Ṣeun, kò dáhùn. Mo wo ojú fèrèsé. Pápá àgbàdo tí wọ́n ti kórè wà lẹ́yìn ilé náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí ó fi wọnú ìkùukùu lọ, kò sí igi, kò sí òkúta. Ọkọ̀ náà wà láàárín rẹ̀, ó ń lọ bí ẹni ń rìn, kò dún, ìdí ìró mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ létí ìlẹ̀kùn. Ṣeun wà lórí àga òsì. Bàbá mi ló wà nídìí ọkọ̀.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Koríko tutù bí yìnyín. Fèrèsé ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ Ṣeun: “Iwájú ṣófo, sà. Títọ́ ni. Ẹ yí i sọ́tùn-ún díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ohùn tí Bàbá fi bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè ló ń lò, n kò sì rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Bàbá jókòó gán-án-gán. Fìlà òtútù Ṣeun ló wà lórí wọn. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà ní ibi tí wọ́n máa ń gbé e sí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo máa ń jókòó láàárín gẹdú àti ariwo, tí mo rò pé bàbá mi ló ń fa ojú ọ̀nà wá sọ́dọ̀ wa.

Wọ́n yí pápá náà po, ìrì sì ń gba ojú ẹsẹ̀ táyà bí ìlà tí a fi gègé fà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n dúró. Wọn ò pa á. Mo sún mọ́ fèrèsé. Mo rò pé wọ́n á máa sunkún, èmi ni mò ń sunkún.

“Ìbí,” wọ́n wí, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ọkọ̀ níwájú wọn bí ẹni ń nu ọrùn ẹṣin. “Ọkọ̀ yìí dára o.”

“Bàbá! Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé yín jù sí kòtò?”

“Ọkọ̀ tó dára ni. Kò tíì parí ni. Kí wọ́n lọ parí ẹ̀.” Wọ́n dẹ etí sẹ́yìn mi. “Àwọn ọmọ ti jí?”

Àwọn ọmọ ti jí. Wọ́n ti dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú aṣọ oorun lára, Tẹjúmádé di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kò sì sí nǹkan kan létí rẹ̀. Ṣeun wò mí. Mo ṣí ìlẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó sùn, a wọlé, gbogbo wa, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Ó dé lẹ́yìn wa: pọ̀. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì, a sì wọ inú funfun náà lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí à ń lọ.

Bá mi kí Akíntúndé gan-an, kí o sì sọ fún un pé Ṣeun ń kí i. Bá mi fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu. Kí Màmá tọkàntọkàn, sọ fún wọn pé mo ń gbàdúrà fún eékún wọn. Bàbá ní kí n kí ọ lọ́tọ̀, wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní “ọmọ tí kò lè jẹ ata yẹn”. Kọ̀wé sí mi, má fi fóònù dá mi lóhùn.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́, nílé lóko,

                                        Ìbíjọkẹ́